Òrùka àti Afárá: Bí Ìhun Sítẹ́ǹtì Ṣe Ń Darí Ìyípadà Ìrísí Rẹ̀ Nínú Iṣan Ọkàn

Sítẹ́ǹtì jẹ́ ọ̀pá oníhò kékeré kan tí a fi irin ṣe, tí ara rẹ̀ sì rí bí àwọ̀n, èyí tí àwọn dókítà máa ń gbé sínú ọ̀kan nínú àwọn iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ bọ́ ẹran ọkàn, nígbà tí ọ̀rá àti àwọn èròjà mìíràn bá ti gbá jọ sí ògiri iṣan náà tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ fi fún. Wọ́n máa ń fún sítẹ́ǹtì mọ́ ara bàlúùnù kan tí a kò tíì fẹ́, wọn a sì fi kátẹ́tà, ìyẹn rọ́bà gígùn tínínrín tí ó ní ihò nínú, darí méjèèjì gba inú iṣan ọwọ́ tàbí ti itan lọ sí ọkàn, lórí wáyà atọ́nà tí ìnípọn rẹ̀ kò tó ìdajì mìlímítà. Nígbà tí wọ́n bá dé ibi tí ó fún, wọn a fi omi fẹ́ bàlúùnù náà pẹ̀lú ìfúnpá tí ó sábà máa ń ju ìlọ́po 10 ti afẹ́fẹ́ ayé lọ, sítẹ́ǹtì a fẹ̀, a sì lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan, wọn a wá fa omi jáde kúrò nínú bàlúùnù, wọn a yọ ọ́, sítẹ́ǹtì a sì dúró síbẹ̀ títí ayé aláìsàn náà.

Ohun tí èyí fi hàn ni pé sítẹ́ǹtì kò lè ṣe iṣẹ́ kankan láìjẹ́ pé ìrísí rẹ̀ yí padà, nítorí irin rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ kọjá ibi tí ó ti lè padà, kí ó gba ìrísí tuntun, kí ó sì di í mú. Ìyípadà àkọ́kọ́ yìí ni a fẹ́. Èyí tí a kò fẹ́ ni ìkejì, tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí a ti fẹ́ sítẹ́ǹtì tán: kí ó kúrú kí àwọn irin rẹ̀ sì wọ́ jọ sójú kan, kí apá kan rẹ̀ nà jù kí ó sì lanu sílẹ̀, kí ó tún fún padà, tàbí kí ó kán lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún tí ó ti ń tẹ̀ lé ìlù ọkàn. Ó rọrùn láti sọ pé àṣìṣe ọwọ́ dókítà ni ó fa irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ọwọ́ dókítà sì ní ipa tirẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí sítẹ́ǹtì kan yóò ti yẹ̀ àti bí yóò ṣe yẹ̀ ti wà nínú ìhun rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tí a ti gé e, ẹni tí kò bá sì mọ ìhun náà kò ní mọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣọ́ra fún.

Bí a bá fi ẹ̀rọ amúhuntóbi wo sítẹ́ǹtì òde òní, oríṣi ẹ̀yà méjì ni a óò rí. Èkíní ni àwọn òrùka, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ irin tínínrín tí ń gòkè tí ń sọ̀ kalẹ̀ ní kọ́lọkọ̀lọ yí ara ọ̀pá náà ká, tí ó fi ní ṣóńṣó ní òkè àti kòtò ní ìsàlẹ̀. Èkejì ni àwọn afárá, ìyẹn irin kéékèèké tí ó so òrùka kan pọ̀ mọ́ èyí tí ó tẹ̀ lé e. Òrùka ni ó ń gba ìfúnmọ́ ògiri iṣan sára, kí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ má tún pa dé, agbára tí ó fi ń ṣe èyí ni a ó sì pè ní agbára ìbú. Afárá ni ó ń di gígùn sítẹ́ǹtì mú, tí kì í jẹ́ kí òrùka kan sún mọ́ èkejì ju bí ó ti yẹ lọ tàbí kí ó jìnnà sí i, agbára tirẹ̀ ni a ó sì pè ní agbára òòró. Ẹni tí ó bá mọ ìgèrè tí àwọn apẹja ń dẹ sódò yóò tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí: àwọn òrùka igi inú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ó tẹ̀ pọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ìdè tí ó so àwọn òrùka náà mọ́ra ni kì í sì í jẹ́ kí ó sún kì láti ẹnu, bí ìdè náà bá sì kéré, ìgèrè yóò máa rọ̀ lọ́nà gbogbo tí a bá yí i sí, ṣùgbọ́n bí a bá fi ọwọ́ ti ẹnu rẹ̀, òrùka yóò wọ inú òrùka.

Agbára méjèèjì yìí kì í rìn pọ̀. Sítẹ́ǹtì kan lè gbé ẹrù ògiri iṣan tí ó ti le bí òkúta láìmì, kí ó sì jẹ́ pé ìtì díẹ̀ láti ẹnu yóò sọ gígùn rẹ̀ di ìdajì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tí ń ṣe sítẹ́ǹtì àti àwọn tí ń lò ó fi ń wọn agbára ìbú lójoojúmọ́, tí wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ bìkítà nípa agbára òòró, bí ọ̀rọ̀ sì ṣe dé ibẹ̀ yé ni bí a bá tẹ̀ lé ìtàn rẹ̀.

Ní ọdún 1977, ní ìlú Zurich, Andreas Grüntzig kọ́kọ́ fi bàlúùnù la iṣan ọkàn ènìyàn tí ó wà lójúfò. Iṣẹ́ ìyanu ni, ṣùgbọ́n bàlúùnù lásán ní àbùkù méjì tí kò ṣeé fojú fò: ògiri iṣan lè ya kí ó sì dí ọ̀nà lójijì, iṣan sì máa ń tún padà fún láàárín oṣù díẹ̀ lára ọ̀pọ̀ aláìsàn. Láti mú kí iṣan náà wà ní ṣíṣí ni Jacques Puel ní Toulouse, lórílẹ̀-èdè Faransé, àti Ulrich Sigwart ní Lausanne, ní Switzerland, ṣe gbé sítẹ́ǹtì sínú iṣan ọkàn ènìyàn ní ọdún 1986. Èyí tí wọ́n lò jẹ́ wáyà híhun tí ń fúnra rẹ̀ tú nígbà tí a bá fa ìbòrí rẹ̀ kúrò, irú ìhun bẹ́ẹ̀ sì máa ń kúrú bí ó bá ṣe ń fẹ̀, tí ó fi ṣòro láti sọ ibi tí ẹnu rẹ̀ yóò bọ́ sí gan-an.

Julio Palmaz, ọmọ Argentina tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Texas, gba ọ̀nà mìíràn. Ó mú ọ̀pá irin tí kì í dípẹtà, ó gé àlàfo tóóró sí i lára ní òòró, tí ó fi jẹ́ pé bí bàlúùnù bá wú nínú rẹ̀, àlàfo kọ̀ọ̀kan a là di ihò onígun mẹ́rin. Ọ̀pá náà lágbára púpọ̀ ní ìbú àti ní òòró, ṣùgbọ́n ó gan, kò sì lè yí kọ́nà tí iṣan ọkàn máa ń yà, nítorí náà ni òun àti Richard Schatz ṣe pín in sí apá méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mìlímítà 7, tí wọ́n sì fi afárá kan ṣoṣo tí ó gùn ní mìlímítà 1 so wọ́n pọ̀, kí gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ 15. Ó yẹ kí a kíyè sí afárá kan yìí dáadáa. Kí sítẹ́ǹtì lè rọ̀ ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, ó sì rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ojú ibẹ̀ gan-an, níbi tí irin kò ti tó, ni iṣan ti sábà máa ń tún fún. Èrè tí a rí nínú rírọ̀ ní ohun tí ó gbà lọ́wọ́ ẹni ní ibòmíràn láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Àwọn mìíràn gbìyànjú láti rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sítẹ́ǹtì Gianturco-Roubin, tí àjọ FDA ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 1993, ọdún kan ṣáájú ti Palmaz-Schatz, jẹ́ wáyà kan tí a ká lọ́lọ́ọ́lọ́. Ó ń rọra gba kọ́nà kọjá, ṣùgbọ́n kò ní ohun tí ń so ìká kan mọ́ èkejì dáadáa, ó máa ń fún padà lẹ́yìn fífẹ́, nígbà tí wọ́n sì fi ìran kejì rẹ̀ wé Palmaz-Schatz nínú ìwádìí tí a fi kèké pín àwọn aláìsàn, iye iṣan tí ó tún fún lára àwọn tí ó gba tirẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti àwọn yòókù lọ. Irú ìhun bẹ́ẹ̀ ti kógbá wọlé. Ohun tí ó kù láti ìgbà náà ni ọ̀pá tí a fi iná lésà gé tàbí wáyà tí a jó pọ̀, tí ó ní òrùka àti afárá, ìjà gbogbo ilé iṣẹ́ láti ìgbà náà wá sì ti jẹ́ lórí bí irin ṣe lè tín-ínrín sí i àti iye afárá tí ó yẹ kí ó wà.

Ìdí tí wọ́n fi ń wá irin tínínrín kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn nìkan. Irin tí ó nípọn máa ń ta yọ sínú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, ó máa ń da ìṣàn rẹ̀ rú, ògiri iṣan a sì hu ẹran bò ó ju bí ó ti yẹ lọ. Ìwádìí ISAR-STEREO, tí a ṣe ní Jámánì tí a sì tẹ̀ jáde ní ọdún 2001, fi èyí hàn gbangba. Aláìsàn 651 ni ó kópa nínú rẹ̀, sítẹ́ǹtì méjì tí ìhun wọn jọra ni a sì lò, ọ̀kan ní irin tí ó nípọn tó máíkírómítà 50, ìyẹn ìdá kan nínú ogún mìlímítà, èkejì ní ti 140. Láàárín àwọn tí ó gba èyí tí ó tín-ínrín, ìdá 15.0 nínú ọgọ́rùn-ún ni iṣan wọn tún fún, láàárín àwọn yòókù sì jẹ́ 25.8. Kò sí ilé iṣẹ́ tí ó rí èyí tí kò ní tọ ọ̀nà náà. Sítẹ́ǹtì Cypher, tí ó kọ́kọ́ gbé oògùn sára láti dí ẹran híhù lọ́wọ́, ṣì lo irin tí kì í dípẹtà tí ó nípọn tó 140, ṣùgbọ́n Xience tí ó tẹ̀ lé e lo àdàlú cobalt àti chromium tí ó nípọn tó 81, nítorí àdàlú náà le ju irin àtijọ́ lọ, ó sì lè fi ara kékeré gbé ẹrù kan náà. Lẹ́yìn náà ni ìran Element dé, tí platinum jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àdàlú rẹ̀, tí òun náà nípọn tó 81, tí ó sì hàn kedere lójú X-ray nítorí pé platinum wúwo.

Bí irin ṣe ń tín-ínrín ni iye afárá náà ń dín kù. Cypher ní afárá mẹ́fà láàárín òrùka méjì, Xience ní mẹ́ta, Element sì ní méjì. Àwọn òǹkà yìí rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nídìí wọn gba àlàyé. Nígbà tí ohun kan bá ti ẹnu sítẹ́ǹtì, agbára ìtì náà ní láti gba ojú afárá kọjá láti òrùka dé òrùka, kò sí ọ̀nà mìíràn. Bí afárá bá jẹ́ mẹ́fà, ẹrù pín sí mẹ́fà, kò sì sí apá òrùka tí ó jìnnà sí ìdè rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ méjì, ìdajì àyíká òrùka ni ó dá dúró láàárín afárá kan àti èkejì, kò sí ohun tí ó dì í mú, nítorí náà òrùka náà yóò fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò sì wọ́ lọ bá èkejì rẹ̀. Ibi tí a fi afárá sí tún ṣe pàtàkì bí iye rẹ̀. Nínú ìhun kan, afárá máa ń so ṣóńṣó òrùka kan mọ́ kòtò òrùka kejì, tí gbogbo òrùka ń kọjú sí ọ̀nà kan náà, tí àwọn afárá sì tò tẹ̀ lé ara wọn ní ìlà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gún, tí ìtì fi ń gba inú irin kọjá tààrà. Nínú ìhun Element, ṣóńṣó ni a so mọ́ ṣóńṣó, àwọn afárá náà kò sì sí lórí ìlà kan, wọ́n ń yí ara sítẹ́ǹtì ká díẹ̀díẹ̀, ìtì tí ó bá sì ti ojú afárá kan wọlé ní láti rìn ní ìbú gba inú òrùka kí ó tó rí afárá kejì. Ní ojú ìrìn yẹn ni òrùka ti ń tẹ̀.

Ìnípọn irin kò ṣeé yọ sílẹ̀ nínú ìṣirò yìí. Òfin kan tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ mọ̀ dáadáa ni pé líle ọ̀pá kan láti tẹ̀ sí ìhà kan máa ń lọ pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀ ní ìhà náà tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá dín ìwọ̀n náà kù sí ìdajì, líle rẹ̀ kì í dín kù sí ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni yóò ṣẹ́ kù. Àdàlú irin tí ó le lè dá díẹ̀ padà nínú ohun tí a pàdánù, ṣùgbọ́n kò lè dá gbogbo rẹ̀ padà, nígbà tí a bá sì yọ afárá kúrò ní àkókò kan náà tí a ń fa irin tín-ínrín, àdánù méjèèjì pàdé lórí agbára òòró. Agbára ìbú kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé òrùka ni ó ń gbé e, kò sì fi bẹ́ẹ̀ nání afárá. Ìdí nìyí tí sítẹ́ǹtì tuntun fi ń yege nínú gbogbo àyẹ̀wò tí a mọ̀, tí àìlera rẹ̀ sì fi ara pamọ́.

Ní ọdún 2011 ni ó jáde sójú táyé. Colm Hanratty àti Simon Walsh, dókítà ọkàn méjì ní Belfast, tẹ ìròyìn jáde nípa àwọn sítẹ́ǹtì tí ó sún kì ní òòró lẹ́yìn tí a ti fẹ́ wọn tán, wọ́n sì béèrè bóyá kò tó àkókò láti wo ohun mìíràn yàtọ̀ sí bí sítẹ́ǹtì ṣe ń rọrùn láti gbé débẹ̀. Ní ọdún kan náà, John Ormiston àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Auckland, New Zealand, gbé onírúurú sítẹ́ǹtì tí ó wà lọ́jà sórí ẹ̀rọ ìdíwọ̀n, wọ́n tì wọ́n láti ẹnu pẹ̀lú agbára tí wọ́n ń kà, wọ́n sì rí i pé àwọn tí afárá wọn jẹ́ méjì láàárín òrùka ni ó kúrú jù lábẹ́ agbára kan náà. Williams, Mamas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹ àkọsílẹ̀ iṣẹ́ 4,455 wò, wọ́n rí mẹ́sàn-án tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ìyẹn ìdá 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n nínú àwọn tí a lo Promus Element, ọ̀kan nínú ìran Element, fún, ó gòkè dé 0.86.

Ẹ̀yìn àwọn ìròyìn wọ̀nyí kò ṣàìní awuyewuye, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan sọ pé Element kò sún kì ju àwọn yòókù lọ, pé ó kàn hàn dáadáa lójú X-ray ni, tí a fi ń rí ìyípadà tí kì bá ti hàn lára sítẹ́ǹtì tí ó ṣókùnkùn. Nígbà tí a wọn gígùn sítẹ́ǹtì nínú àwòrán àwọn aláìsàn ìwádìí kan tí a ń pè ní PLATINUM, èyí tí ó fi Element wé sítẹ́ǹtì mìíràn, kò sí ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì, àmọ́ àwọn iṣan tí ó díjú jù, irú èyí tí ewu yìí ti ń wáyé, ni a ti yọ kúrò nínú ìwádìí náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwádìí tí ó tan ìmọ́lẹ̀ jù ni DUTCH PEERS, tí a ṣe ní ilẹ̀ Netherlands tí a sì tẹ̀ jáde ní ọdún 2014, nítorí pé onírúurú aláìsàn ni ó gbà wọlé, tí kèké sì pín wọn: mẹ́sàn-án nínú 905 tí ó gba Promus Element ni sítẹ́ǹtì wọn yí padà ní òòró, kò sì sí ẹyọ kan nínú 906 tí ó gba sítẹ́ǹtì mìíràn tí a ń pè ní Resolute Integrity. Òǹkà yìí bá ohun tí ẹ̀rọ Auckland sọ mu, ó sì ṣòro láti gbà pé ojú rírí nìkan ni ó dá ìyàtọ̀ náà sílẹ̀. Ìwádìí kan náà tún jẹ́rìí sí ohun tí ó yẹ kí a sọ pẹ̀lú òótọ́ ọkàn, pé kò sí ìkankan nínú àwọn mẹ́sàn-án náà tí ìyípadà yìí kó bá, nítorí pé àwọn dókítà rí i, wọ́n sì tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Rírí rẹ̀ ni ó gbà wọ́n, nítorí náà platinum tí ó tú àbùkù ìhun náà síta ni ó tún jẹ́ kí àbùkù náà ṣeé wò.

Sítẹ́ǹtì kì í sún kì nítorí ìlù ọkàn tàbí ìṣàn ẹ̀jẹ̀. Ohun èlò kejì ni ó máa ń tì í tàbí fà á, ó sì sábà máa ń jẹ́ ohun tí dókítà gbé wọlé láti mú iṣẹ́ dára sí i. Ó lè jẹ́ bàlúùnù tí ó fẹ́ fi tẹ irin mọ́ ògiri dáadáa, tí etí rẹ̀ kọ́ irin ẹnu sítẹ́ǹtì bí ó ti ń wọlé, tàbí kámẹ́rà kékeré tí ń fi ìró ya àwòrán inú iṣan, tí ó há nígbà tí wọ́n ń fà á padà, tàbí rọ́bà amúgùn tí a ti bọ inú kátẹ́tà atọ́nà, ìyẹn èyí tí gbogbo ohun èlò yòókù ń gba inú rẹ̀ wọlé. Kátẹ́tà atọ́nà fúnra rẹ̀ ni ó burú jù, nítorí pé ó nípọn, ó sì le. Nígbà tí dókítà bá ń fa bàlúùnù tí ó há tàbí wáyà tí sítẹ́ǹtì ti tẹ̀ mọ́ ògiri iṣan padà, ìfà náà a máa fa kátẹ́tà síwájú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tì í, orí rẹ̀ a sì gbá ẹnu sítẹ́ǹtì. Èyí ni ó fà á tí ewu náà fi pọ̀ jù níbi tí sítẹ́ǹtì bá wà ní ẹnu iṣan gan-an, ní ibi tí iṣan ọkàn ti yọ lára iṣan àgbà, pàápàá ní olórí iṣan apá òsì tí ó fẹ̀, níbi tí sítẹ́ǹtì kì í ti í tètè kún àyè rẹ̀. Irin tí kò kan ògiri kò ní ohun tí ó dì í mú ju afárá rẹ̀ lọ. Irin tí ó ti wọ ara ògiri ní ìrànlọ́wọ́ ògiri náà, ohun tí ó bá sì máa tì í yóò kọ́kọ́ ṣẹ́gun ìfaramọ́ yẹn.

Ohun tí ó ń tẹ̀yìn rẹ̀ wá máa ń burú bí ìyípadà náà ṣe pọ̀ tó. Ní ojú kan, irin á ṣùpọ̀, á ta yọ sínú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa yí lójú kan, ó sì lè dì, bí ó bá sì dì, ọ̀nà lè pa dé lójijì kí apá kan ẹran ọkàn kú. Ní ojú kejì, ibi tí irin ti kúrò á ṣí sílẹ̀, ògiri tí ó ṣàìsàn á wà láìsí òpó tí ó tì í àti láìsí oògùn tí ó yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí pé ara irin ni oògùn náà wà.

Bí a bá sọ pé kí gbogbo sítẹ́ǹtì kúkú ní afárá púpọ̀ kí ọ̀rọ̀ tán, Cypher ti dáhùn ìbéèrè náà tipẹ́. Afárá mẹ́fà rẹ̀ kì í jẹ́ kí ó sún kì, ṣùgbọ́n ó gan, iṣan ọkàn sì kì í dúró jẹ́ẹ́. Ọkàn máa ń lù nǹkan bí ìgbà 100,000 lójúmọ́, nínú ìlù kọ̀ọ̀kan ni iṣan sì ń tẹ̀ tí ó ń nà, pàápàá iṣan apá ọ̀tún tí ó ní kọ́nà tí ń ṣí tí ń pa dé bí oríkèé. Sítẹ́ǹtì gígùn tí ó gan, tí a gbé sí irú oríkèé bẹ́ẹ̀, máa ń gba gbogbo títẹ̀ náà sí ojú kan ṣoṣo, irin á sì kán níbẹ̀ nígbà tí ó bá yá, a sì ti rí èyí lára Cypher léraléra. Kí a tó gba sítẹ́ǹtì láàyè, a máa ń tẹ̀ ẹ́ tí a ń tú u lórí ẹ̀rọ ní ìgbà tí ó tó mílíọ̀nù 400, èyí tí ó dúró fún ọdún mẹ́wàá ìlù ọkàn, síbẹ̀ rọ́bà gígùn tí a ń lò lórí ẹ̀rọ kì í sábà ní irú kọ́nà tí iṣan alààyè ní. Sítẹ́ǹtì tí ó rọ̀ máa ń bá iṣan lọ, kì í sì tètè kán. Ohun tí ó fún ìhun kan ní agbára òòró náà ni ó ń mú kí ó kán, kò sì sí irin tí ó lè mú kí ìṣirò yìí pòórá.

Fífẹ̀ jù náà wà lára ìyípadà ìrísí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà ni ó mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é. Ilé iṣẹ́ kan kì í gé ìhun ọ̀tọ̀ fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, ìhun kan náà ni a máa ń fi bo ìwọ̀n mẹ́ta sí mẹ́rin, nítorí náà sítẹ́ǹtì méjì tí orúkọ ìwọ̀n wọn fi díẹ̀ ju ara wọn lọ lè ní òpin tí ó jìnnà síra. Nígbà tí ṣóńṣó òrùka bá ti nà tán, tí kọ́lọkọ̀lọ rẹ̀ ti di gbọọrọ, kò tún sí ohun tí ó kù láti nà ju irin fúnra rẹ̀ lọ. Sítẹ́ǹtì Absorb, tí a fi èròjà tí ń yòrò ṣe dípò irin, fi èyí kọ́ gbogbo ayé lẹ́kọ̀ọ́. Èròjà rẹ̀ kò lágbára tó irin, nítorí náà ni wọ́n ṣe jẹ́ kí ó nípọn tó nǹkan bí máíkírómítà 150, bí a bá sì fẹ́ ẹ kọjá òpin rẹ̀ díẹ̀, kì í nà, ńṣe ni ó ń já. Ní ọdún 2017 ni wọ́n dáwọ́ títà rẹ̀ dúró, lẹ́yìn tí ìwádìí ti fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ń dì nínú rẹ̀ ju nínú sítẹ́ǹtì onírin lọ.

Èsì tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe Element fún ọ̀rọ̀ sísún kì jẹ́ èyí tí ó yẹ kí a yìn, nítorí pé ibi tí ìtì ti ń wá ni wọ́n wò. Wọn kò fi afárá kún gbogbo ara sítẹ́ǹtì. Nínú Promus Premier, àti nínú Synergy tí ó tẹ̀ lé e, ẹnu apá ọ̀dọ̀ dókítà nìkan, níbi tí kátẹ́tà àti bàlúùnù ti ń gbá a, ni wọ́n ti sọ afárá di mẹ́rin láàárín àwọn òrùka àkọ́kọ́, wọ́n sì fi ara yòókù sílẹ̀ pẹ̀lú méjì kí ó lè máa rọ̀. Resolute Integrity gba ọ̀nà mìíràn pátápátá: wáyà kan ṣoṣo tí a tẹ̀ ní kọ́lọkọ̀lọ ni, tí a wá ká yí ọ̀pá ká láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí a sì fi iná lésà jó pọ̀ ní àwọn ojú kan, tí ó fi jẹ́ pé wáyà náà ni òrùka, òun náà sì ni apá kan nínú ìdè.

Ní yàrá iṣẹ́, ìmọ̀ ìhun yìí máa ń yí ọ̀nà tí dókítà ń gbà ṣiṣẹ́ padà ní àwọn ohun kéékèèké. Bí sítẹ́ǹtì alafárá méjì bá wà ní ẹnu iṣan, kátẹ́tà ni a ó kọ́kọ́ fà sẹ́yìn kí a tó fa ohunkóhun mìíràn, a ó sì máa wo orí rẹ̀ lójú X-ray ní gbogbo ìgbà tí bàlúùnù bá ń jáde. A ó tẹ ẹnu sítẹ́ǹtì mọ́ ògiri dáadáa kí kámẹ́rà inú iṣan tó kọjá níbẹ̀. Bí ohun kan bá há, a kì í fi agbára fà á, a ó kọ́kọ́ tì í síwájú díẹ̀, a ó yí i, kí irin tí ó kọ́ lè tú.

Bí sítẹ́ǹtì bá sì ti sún kì, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí wáyà atọ́nà má kúrò nínú rẹ̀, nítorí pé wáyà tuntun tí a bá tún gbé wọlé lè gba ẹ̀yìn irin kọjá dípò inú, bàlúùnù tí a bá sì fẹ́ lórí irú wáyà bẹ́ẹ̀ yóò tẹ sítẹ́ǹtì pa mọ́ ògiri ẹ̀gbẹ́ kan. Bàlúùnù tí ó kéré jù lọ ni a ó fi la irin tí ó ṣùpọ̀, nítorí pé èyí tí ó tóbi yóò tún tì í síwájú ni, lẹ́yìn èyí ni a ó máa gbé èyí tí ó tóbi sí i wọlé ní ìtẹ̀léra títí irin yóò fi kan ògiri yíká. Gígùn tí ó sọnù kì í sábà padà bọ̀ sípò, nítorí náà bí àwòrán inú iṣan bá fi àlàfo hàn níbi tí irin ti kúrò, sítẹ́ǹtì kejì ni a ó fi bò ó, a ó jẹ́ kí ó gun orí ti àkọ́kọ́ díẹ̀, a ó sì fi bàlúùnù kan fẹ́ méjèèjì pọ̀ kí a tó yọ wáyà.